Agolo Júùsì Kẹtàlá

Bí ẹ bá ti bá wa ná ọjà ní Òkè Àrin rí, ẹ ó mọ Àlájì Lùkúmọ̀n. Bí ẹ ò bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ̀bi tiyín nìyẹn, torí òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn kọjá láìsọ ẹni tí òun jẹ́. Júùsì inú agolo ló ń tà, páálí lórí páálí, títí dé àjà ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ohun tó ń bà á jẹ́ ju ẹnu lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun fẹ́ ra agolo kan péré, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òdìkejì títì:

"Ẹyọ kan kẹ̀? Lọ́wọ́ èmi Lùkúmọ̀n? Èmi kì í tú páálí o!"

Bó ṣe ń ṣe é lọ́jà náà ló ń ṣe é níbi gbogbo. Tó bá sín, ẹ jókòó, ó di ẹ̀ẹ̀meje kó tó dákẹ́. Nígbà tó máa ra aago ọwọ́, méjì ló rà, ó so ọ̀kan mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó so ìkejì mọ́ tòsì, aago méjèèjì kò sì fi ìgbà kan náà hàn rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í pé aago mélòó ló lù, yóò ní kí ẹ mú èyí tó bá wù yín.

Ọláníyì lorúkọ tèmi. Bísíkíìtì àti mílíìkì ni mò ń tà lójúkojú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa ọlọ́jà ìlà náà. Ohun tí mo fojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín. Èyí tí mi ò fojú rí, Sàdíátù ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́, obìnrin náà kì í sì í purọ́. Mo fẹ́ràn Àlájì o, kí ẹ má rò pé ọ̀tá ló ń sọ̀rọ̀.

Lọ́dún 1992, orí ń fọ́ Àlájì fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Orí fífọ́ náà gan-an, ó ń fi yangàn. Ó ní orí tàwọn yòókù a máa fọ́ níwájú nìkan, pé tòun ń fọ́ níwájú, ó ń fọ́ lẹ́yìn, ó sì ń fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Sàdíátù kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ́ ọ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lápá ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà, níbi tí Sísítà Theodora ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Sísítà di okùn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá, ó fọn ọ́n, ó wò ó, ó mi orí.

"Àlájì, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Dókítà ní kí ẹ máa lo hóró oògùn yìí, ẹyọ kan láràárọ̀."

"Ẹyọ kan kẹ̀?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo! Tí ẹ bá lo méjì, ẹ lè bá ara yín nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ máa rìn dáadáa, ẹ máa jẹ èso. Tó bá sì jẹ́ júùsì lẹ fẹ́ràn, èyí tí wọn ò fi ṣúgà sí ni kí ẹ mu, ife kékeré kan lóòjọ́."

Nínú gbogbo àlàyé yìí, ọ̀rọ̀ kan péré ló wọ Àlájì létí. Ta ni wọ́n tún máa dárúkọ júùsì fún? Kó tó délé, ó ti gbàgbé iyọ̀, ó ti gbàgbé rírìn, ó ti gbàgbé ife kékeré. Lọ́jọ́ kejì, kí n tó ṣí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi tán, ó ti wà láàárín títì.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀jẹ̀ ríru ti bá ọ̀gá rẹ̀ pàdé! Júùsì ni oògùn rẹ̀! Nọ́ọ̀sì tó kàwé ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́! Ẹ wò mí, ṣé ẹ rí oògùn kankan lọ́wọ́ mi?"

Wọn ò rí oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Inú àpò abẹ́ ẹ̀wù ló fi í sí. Láràárọ̀, kó tó jáde nílé, Sàdíátù a dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ife omi, yóò fún un ní hóró kan, kò sì ní kúrò níbẹ̀.

"Mo ti gbé e mì."

"Ẹ gbé ahọ́n sókè kí n rí i, Bàbá Wàsíù."

"Ìyá Wàsíù, tí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ lọ́jà, èmi àti ìwọ la jọ máa wọ̀ ọ́ o."

"Mo gbọ́. Ẹ gbé ahọ́n sókè."

Bẹ́ẹ̀ ni oògùn ń ṣiṣẹ́ nílé, júùsì sì ń gba ìyìn lọ́jà. Orí rẹ̀ kò fọ́ mọ́, ara rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì tún yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn akọ̀wé kóòtù ń ti Igbóṣeré wá ra júùsì ní páálí páálí. Ìyá arúgbó kan fẹsẹ̀ rìn wá láti Apọ́ngbọ̀n, ó ní òun fẹ́ agolo kan péré fún bíípíì òun. Àlájì ní ẹyọ kan kò lè ṣe bíípíì ní nǹkan kan, kó lọ kó owó páálí wá. Màmá náà wò ó látòkè délẹ̀, ó pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mi ò ní parọ́ fún yín.

Ibi tá a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí ipò alága ẹgbẹ́ wa ṣófo. Bàbá Jíbrílù tó wà lórí oyè ló dákú lójú ìpàdé, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì dá wọn wó. Ọlọ́run yọ wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn kó wọn lọ sí Ìjẹ̀bú kí wọ́n lọ sinmi. Ẹ̀rù wá ba àwọn àgbà. Bàbá Kàsímù, tí wọ́n jẹ́ olórí àgbà wa, ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe alága lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú gbogbo ìpàdé. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù, kó lọ sùn nílé. Gbogbo wa ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Ènìyàn méjì ló jáde. Àlájì Lùkúmọ̀n ni àkọ́kọ́. Èkejì ni Àlájà Hàlímọ̀ tó ń ta mínírà ní ìparí ìlà, obìnrin jẹ́jẹ́ tó jẹ́ pé ẹ lè jókòó tì í láti òwúrọ̀ kí ẹ má gbọ́ ohùn rẹ̀. Òun ló ń rí sí ṣáláńgá kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń lò. Òun ló ń sanwó fún ẹni tó ń fọ̀ ọ́, etí ìró rẹ̀ ló sì ń so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́. Àlájì a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹni tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ṣáláńgá ni gbogbo oyè tó jẹ láyé, òun ló fẹ́ darí àwa ọkùnrin?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan fún yín. Oyè yẹn wu Àlájì dé egungun. Bàbá rẹ̀ fi ogójì ọdún tajà ní ìlà yẹn, kò sẹ́ni tó fi alága pè é rí. Lọ́jọ́ kan tí òjò ká wa mọ́ ṣọ́ọ̀bù, Àlájì sọ fún mi, láìfọ́nnu rárá, pé ohun tí òun ń bẹ Ọlọ́run fún ni kí wọ́n pe ọmọ bàbá òun ní alága lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí òun tó kú. Òun ló sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò sì bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dá, ẹnu náà padà sípò. Ó ti kíyè sí i pé Àlájà Hàlímọ̀ kì í lè jókòó pẹ́ níbi kan, torí gbogbo ìṣẹ́jú lẹnìkan ń wá béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ló bá dìde nípàdé.

"Mo dábàá kan! Alága gbọ́dọ̀ lè jókòó. Lọ́jọ́ tá a bá fẹ́ yan alága, ẹni tó bá dìde lórí àga rẹ̀ kí wọ́n tó ṣàdúrà ìparí, ó ti yọ ara rẹ̀ nínú oyè nìyẹn. Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀!"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tún kọ orúkọ ẹni tó dá a lábàá sí i. Wọ́n wo ojú Àlájà Hàlímọ̀ bóyá yóò takò ó, ó kàn mi orí pé òun ti gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Bí Àlájì ṣe kírun àárọ̀ tán, ó gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fa páálí kan sẹ́sẹ̀, agolo méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ òun wálẹ̀ kí òun tó dé ìpàdé. Ó ṣí agolo kìíní, ó ní "Bísímílàì," ó dà á sọ́fun. Ó to agolo òfìfo sórí kańtà kí àwọn tó ń kọjá lè kà á. Nígbà tó dé orí ìkẹrin, Sàdíátù kò lè mú un mọ́ra.

"Bàbá Wàsíù, ife kékeré kan ni Sísítà sọ."

"Ife kékeré wà fún ẹni kékeré. Gbé ìkarùn-ún wá."

Ó mu méjèèjìlá tán. Ìgúnfẹ̀ tó fi parí rẹ̀, ó dá mi lójú pé wọ́n gbọ́ ọ ní Apọ́ngbọ̀n. Ó wọ agbádá tuntun tó rán fún oyè náà, ó sì rìn lọ sípàdé bí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Àgbàlá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan lẹ́yìn ìlà wa la ti ń ṣèpàdé. Wọ́n gbé àga méjì sí àárín fún àwọn olùdíje. Àlájì jókòó, Àlájà jókòó, wọ́n sì ní kí Bàbá Kàsímù fi àdúrà ṣí ìpàdé. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn ò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́, bí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kò sẹ́ni tí ohùn rẹ̀ lè dé etí wọn láti dá wọn dúró. Wọ́n ṣàdúrà fún àwa tá a wà láàyè. Wọ́n dárúkọ gbogbo ọlọ́jà tó ti kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣàdúrà fún ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí afárá pé kó má wó, Àlájì ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé òsì, ó sì ti gbé òsì lé ọ̀tún.

Àdúrà parí, Sísítà Theodora kò tíì dé. Wọ́n ní Máàsì ló lọ, pé ó ń bọ̀. A ń dúró. Àwọn èèyàn ń wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Àlájà Hàlímọ̀. Àlájà kò dìde. Ó kàn ń tú u létí ìró, á nà án sí wọn, wọ́n á lọ, wọ́n á sì dá a padà. Gbogbo ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ náà bá ń jáde ni Àlájì ń fi ojú sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ á sì tún bá a wọlé. Òógùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí rẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ̀lé e sáré wọlé pẹ̀lú agolo tútù kan tó ti ṣí.

"Alága ọ̀la! Ẹ mu èyí kí ẹ̀jẹ̀ balẹ̀ pátápátá!"

Gbogbo ilé ń wò ó. Àlájì wo agolo, agolo wo Àlájì. Kí ló fẹ́ sọ? Ẹni tó ti fi oṣù mẹ́ta pariwo júùsì káàkiri ọjà! Èmi, ìkà ènìyàn, ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó gbé agolo kẹtàlá sẹ́nu, ó ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀, omi sì lé sí i lójú.

Nígbà tí Sísítà dé, ó bẹ gbogbo ilé pé kí wọ́n máà bínú, ó sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde.

"Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n, kó lọ tọ̀ ná. Tí ìtọ̀ bá kún inú, ẹ̀jẹ̀ á lọ sókè."

"Èmi ti ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù," Àlájà Hàlímọ̀ ní. "Mi ò sì mu nǹkan kan láti àárọ̀, torí òfin Àlájì."

"Àlájì ńkọ́?"

Àlájì rò pé ẹ̀tàn ni. Ó rò pé wọ́n fẹ́ kí òun dìde.

"Èmi? Ìtọ̀? Rárá o! Mi ò rántí ìgbà tí mo tọ̀ kẹ́yìn!"

Wọ́n wọn Àlájà. Àádóje lórí ọgọ́rin. Àwọn obìnrin hó yèè. Wọ́n wọn Àlájì. Sísítà wo ẹ̀rọ, ó nu ojú ẹ̀rọ náà, ó tún un wò.

"Àádọ́sàn-án lórí ọgọ́rùn-ún."

"Ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́!" Àlájì pariwo. "Ẹ tún un wọ̀n!"

Wọ́n tún un wọ̀n. Ó ti tún gòkè sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ agbádá, ó fi eyín di ètè. Sísítà tẹ̀ mọ́ ọn létí, ṣùgbọ́n àgbàlá ti pa lọ́lọ́, gbogbo wa la gbọ́.

"Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ìtọ̀ ń gbọ̀n yín. Ẹ dìde kí ẹ lọ."

"Mi ò lè dìde."

"Kí ni wọ́n ní ó ń ṣe é?" Bàbá Kàsímù béèrè, wọ́n na etí síwájú.

Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún wọn. Wọn ò gbọ́. Mo tún un sọ. Wọn ò gbọ́. Ni mo bá gbé ẹnu sí wọn létí, mo sì fi gbogbo agbára mi kígbe:

"ÌTỌ̀ NÍ Ń GBỌ̀N WỌ́N!"

Àwọn tó wà ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè ṣí fèrèsé. Àwọn aláàárù dúró lójú títì.

"Ó ṣe wá jókòó? Ta ló ní kó má tọ̀?" Bàbá tún béèrè.

Wọ́n ní kí n ka ìwé ìpàdé. Mo kà á. Nígbà tí mo dé orí orúkọ ẹni tó dá òfin náà lábàá, mi ò lè wo ojú rẹ̀. Àlájà Hàlímọ̀ ló gbà á sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fi òfin yẹn jì wọ́n. Tí wọ́n bá dé, ká máa bá ìdíje wa lọ."

Tó bá jẹ́ èmi ni, mo ti lọ. Ṣùgbọ́n Àlájì gbórí sókè, ó ní òun kì í gba ìdáríjì lọ́wọ́ ẹni tí òun ń bá díje, pé òun á jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Kò tíì sọ ọ́ tán tí obìnrin kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sínú dúrọ́ọ̀mù. Ṣoooo. Àlájì di ojú. Ó di ọwọ́ àga mú. Omi kò dáwọ́ dúró. Ṣoooooo.

Bí ó ṣe fò sókè, mi ò rí i. Agbádá nìkan ni mo rí tó kọjá níwájú mi. Nǹkan kan jábọ́ lápò rẹ̀, Sísítà sì he é. A gbọ́ tí ó ń gbá ìlẹ̀kùn ṣáláńgá gbàm gbàm. Ìlẹ̀kùn wà ní títì pa. Ó tún sáré padà wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá agbádá mú níwájú, ó dúró lórí ìka ẹsẹ̀ níwájú Àlájà Hàlímọ̀.

"Àlájà, kọ́kọ́rọ́!"

Àlájà ń tú u. Ìró ti gbà á, ó so kókó.

"Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ ṣàánú mi! Alága! Alága wa! Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́!"

Bàbá Kàsímù tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan láti àárọ̀ àyàfi igbe tèmi, ẹ gbà mí gbọ́, wọ́n gbọ́ èyí.

"Ó ti pè é ní alága? Alihamudulilaahi! Ọ̀rọ̀ parí. Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Àtẹ́wọ́ ń dún, obìnrin ń jó, kò sì sí Àlájì níbẹ̀ láti gbọ́. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti fúyẹ́, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Sísítà ní kó jókòó, kó sinmi díẹ̀, ó sì tún un wọ̀n. Ogóje lórí àádọ́rùn-ún.

Àlájì fò dìde. "Ẹ rí i! Ó ti wálẹ̀! Ṣé mo sọ fún yín pé júùsì ń ṣiṣẹ́?"

Sísítà gbé ohun tó he sókè kí gbogbo wa rí i. Páálí oògùn Àlájì ni, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ gàdàgbà.

"Àlájì, èyí ló ń mú un wálẹ̀ láràárọ̀, ẹ má sì dá a dúró. Ní ti júùsì, èyí tó jáde ló ràn yín lọ́wọ́ lónìí. Kì í ṣe èyí tó wọlé."

Ẹ̀rín tá a rín lọ́jọ́ náà, ìhà ń dùn mí dọ́jọ́ kejì. Sàdíátù nìkan ni kò rín. Ó gba oògùn lọ́wọ́ Sísítà, ó fi í sínú báàgì tirẹ̀, ó sì bá ọkọ rẹ̀ tún agbádá ṣe léjìká. Nígbà tí mo rí i bó ṣe ń ṣe é, àánú Àlájì ṣe mí. Mo rántí ọjọ́ òjò yẹn, ẹ̀rín sì dá lẹ́nu mi.

Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni Àlájì kò fi pariwo lọ́jà. Ìlà wa dákẹ́, kò tilẹ̀ dùn mọ́ wa. Nígbà tí ìpàdé mìíràn dé, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Alága Hàlímọ̀ ṣe ni pé ó pè é síwájú, ó sì na kọ́kọ́rọ́ tuntun kan sí i.

"Àlájì, mo gé kọ́kọ́rọ́ ṣáláńgá mìíràn nítorí yín, kí irú ìyà yẹn má jẹ yín mọ́. Ẹyọ kan rèé. Àbí páálí kan lẹ fẹ́?"

Gbogbo wa ń dúró de ẹnu Àlájì. Ó gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́, ó sì wo ilẹ̀.

"Ẹyọ kan ti tó, Alága."